Ìgbà ìje inú gbọ̀ngàn ti parí: báwo ni kí asáré ìje kúkúrú ṣe padà sí ìgbaradì?

Asáré Ìlà Kejì béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú eré sísá, mo kí yín. Ìje 60 mítà àti 200 mítà ni mo ń sá, ìgbà ìje inú gbọ̀ngàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí sì ni àkọ́kọ́ tí mo sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní oṣù Kìíní, ìṣẹ́jú-àáyá 7.08 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nínú 60 mítà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, mo sá 7.01, èyí tí n kò sá irú rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà ni aago ti kọ̀ tí kò lọ sílẹ̀ mọ́: 7.06 ni mo sá nínú ìje tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di ìdíje ńlá tó kẹ́yìn, èyí tí gbogbo wa ti ń múra dè láti ọdún tó kọjá, 7.09 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi, mo sì já sílẹ̀ ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Nínú 200 mítà, ìlà 2 ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì sá 22.64, ṣùgbọ́n ní kọ́nà kejì, ńṣe ló dà bíi pé ojú ìsáré náà fẹ́ tì mí bọ́ sínú ìlà ẹlòmíràn.

Kóòṣì wa fún wa ní ìsinmi lẹ́yìn ìdíje náà, ìsinmi ọ̀hún sì ti parí. Ohun tó mú mi wá síbí ni pé ara mi kò tíì jọ ara asáré. Nígbà tí a sá 30 mítà mélòó kan lọ́jọ́ tí a padà, aago fi hàn pé eré mi ti dín kù gidi, ẹ̀yìn itan mi ti òsì sì máa ń le bí mo bá jí láàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dùn mí nígbà tí mo bá ń sáré. Ìbéèrè mi pọ̀ díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á. Ṣé bí aago mi ṣe gòkè ní ìparí yẹn túmọ̀ sí pé ìgbaradì wa kò dára ni? Báwo ni kí n ṣe padà sẹ́nu eré tí iṣan kankan kò fi ní já, nígbà wo sì ni ó yẹ kí n tún wọ bàtà oníṣó, kí n sì padà sórí búlọ́ọ̀kù ìbẹ̀rẹ̀? Níkẹyìn, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé 100 mítà ni mo fẹ́ sá ní ìta gbangba, kí ni 7.01 ń sọ nípa ohun tí mo lè sá níbẹ̀?

Baba Aláago fèsì pé:

Ọmọ mi, o káre, nítorí pé o kọ àwọn aago rẹ sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ń béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí kì í sọ ju pé eré àwọn ti lọ sílẹ̀, ènìyàn kì í sì í mọ ibi tí yóò ti mú ọ̀rọ̀ wọn.

Kí o tó dá ìgbaradì yín lẹ́bi, lọ wo ìwé èsì àwọn ìdíje náà. Bí ó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tó ní ẹ̀rọ ni wọ́n lò, wọn yóò ti kọ iye àkókò tí o fi dáhùn sí ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago rẹ. Láti ìgbà tí ìbọn bá ti dún ni aago ìje ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, nítorí náà ẹni tó bá pẹ́ dáhùn ti pàdánù àkókò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Òfin ka ìdáhùn tó bá yá ju 0.100 ìṣẹ́jú-àáyá lọ sí bíbẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìbọn, láàárín 0.12 sí 0.20 ni ti ọ̀pọ̀ asáré sì máa ń wà. Ìwọ náà rí i pé àlàfo tó wà láàárín ìdáhùn tó yá àti èyí tó lọ́ra lè tó gbogbo ohun tó ń dùn ọ́ yìí, nítorí pé láti 7.01 dé 7.09, 0.08 péré ni. Noah Lyles, asáré ọmọ Amẹ́ríkà, gba wúrà 100 mítà ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024 pẹ̀lú ìdáhùn 0.178, èyí tó lọ́ra fún irú ìje bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ogójì mítà tí ìwọ kò ní láti fi wá a padà.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí o wádìí ni irin gbígbé. Nígbà wo ni ẹ gbé irin tó wúwo kẹ́yìn? Vladimir Issurin, tí í ṣe onímọ̀ nípa ètò ìgbaradì, ṣe àkójọ iye ọjọ́ tí agbára kọ̀ọ̀kan máa ń wà lára lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti dá iṣẹ́ tó ń kọ́ ọ dúró. Ó fi ògidì agbára, irú èyí tí a fi ń gbé irin wúwo, sí nǹkan bí 30 ọjọ́. Ó sì fi góńgó eré, ìyẹn eré tó yá jù tí ènìyàn lè sá, sí nǹkan bí 5 ọjọ́, tó lè fi 3 lé tàbí kí ó fi 3 dín. Bí o bá fi ojú ìṣirò yìí wo ọ̀rọ̀ rẹ, àwọn nǹkan tó ń dà ọ́ láàmú yóò là. Eré tí o pàdánù nínú ìsinmi, tí o fi rí i pé 30 mítà rẹ ti lọ́ra, ohun tó máa ń kọ́kọ́ lọ ni, òun náà sì ni ó máa ń kọ́kọ́ padà bí o bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá a. Kò ní láárí rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti fi irin wúwo sílẹ̀ láti ìgbà tí ìje ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, a jẹ́ pé ní ìparí oṣù Kejì, nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù, agbára tí ẹ kó jọ kí ọdún tó parí ti ń tán lára yín, ìgbéra ogún mítà àkọ́kọ́ sì ni ibi tí yóò ti kọ́kọ́ hàn. Nínú ìje 60 mítà, ìgbéra ni ó lé ní ìdajì iṣẹ́ náà.

Ní ti pípadà, ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tí mo ń kọ́ ni pé èémí máa ń tètè padà sípò, ṣùgbọ́n iṣan máa ń falẹ̀, pàápàá iṣan gìgísẹ̀ àti èyí tó so ẹran ẹ̀yìn itan mọ́ eegun. Ara yóò sọ fún ọ pé ó ti yá, nígbà tí iṣan kò tíì ṣe tán. Nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí koríko tó tẹ́jú ni kí o wà pẹ̀lú bàtà lásán. Sá 100 mítà ní ìwọ̀n ìdá méje nínú mẹ́wàá eré rẹ, rìn padà, kí o tún sá a. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ já gaara nígbà tí o bá ń rìn padà, o ti sá a jù. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kí o padà sídìí irin, kí ó má wúwo jù, kí iye ìgbà tí o óò gbé e sì pọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìgbà yìí gan-an ni ìgbà tí a ń kó agbára jọ fún ìta gbangba. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wá òkè tí kò ga púpọ̀, kí o máa sá 20 sí 30 mítà gun orí rẹ̀. Òkè dára fún ẹni tó ń padà bọ̀, nítorí pé ènìyàn ń lo gbogbo agbára rẹ̀ láìjẹ́ pé eré náà yá dé góńgó, ẹsẹ̀ kì í sì í nà jù síwájú.

Bàtà oníṣó di ọ̀sẹ̀ kẹta, láti ìdúró, kì í ṣe láti orí búlọ́ọ̀kù: 30 mítà ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan fún mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá tí o bá sá, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín 30 mítà kan àti èkejì. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé ìsinmi yẹn ti pọ̀ jù, wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á sì sọ ìgbaradì eré di ìgbaradì àárẹ̀. Búlọ́ọ̀kù yóò tẹ̀ lé e nígbà tí o bá ti fi bàtà oníṣó sáré ju ìgbà kan lọ tí ara kò sì le ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bẹ̀ ọ́, má gbé aago dání títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹni tó bá ń wọn eré rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó padà yóò máa fi ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí díje pẹ̀lú ara oṣù Kejì.

Ẹlẹ́sẹ̀ Kọ́nà fèsì pé:

Baba ti sọ̀rọ̀ kan ojú abẹ níkòó lórí 60 mítà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti 200 mítà kún un, nítorí pé òun àti 400 mítà ni iṣẹ́ tèmi.

Àbúrò, má jẹ́ kí 22.64 yẹn gba oorun lójú rẹ. Lórí ojú ìsáré 200 mítà tó bá ìlànà mu, láti àárín kọ́nà dé etí ìlà inú pátápátá kò ju nǹkan bí 17.20 mítà lọ. Ní ìta gbangba, 36.50 mítà ni. Bí eré méjèèjì bá yá dọ́gba, agbára tó ń tì ọ́ síta nínú gbọ̀ngàn ju ìlọ́po méjì ti ìta lọ, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi gbé etí ìta kọ́nà sókè. Ẹni tó wà ní ìlà 5 tàbí 6 ń jẹ àǹfààní ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn dáadáa, kọ́nà tirẹ̀ kò sì fún pọ̀ tó ti ẹni tó wà ní ìlà 1 tàbí 2. Àìdọ́gba yìí pọ̀ débi pé Ìdíje Àgbáyé ti Inú Gbọ̀ngàn kò sá 200 mítà mọ́ lẹ́yìn ti Budapest lọ́dún 2004, torí pé ẹni tí wọ́n bá fi sí ìlà inú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù kí ìbọn tó dún. Kódà Frankie Fredericks ọmọ Nàmíbíà, tó sá 19.92 ní Liévin ní oṣù Kejì ọdún 1996, èyí tó jẹ́ pé òun ni eré 200 mítà inú gbọ̀ngàn tó yá jù lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé, sá 19.68 ní ìta gbangba ní Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún kan náà. Ẹsẹ̀ kan náà ló fi sá méjèèjì. Nítorí náà, 22.64 láti ìlà 2 kì í ṣe aago tí ó yẹ kí o fi díwọ̀n ara rẹ. Ìta gbangba ni kí o ti mọ bí 200 mítà rẹ ṣe rí.

Ohun tó yẹ kí o mú lára kọ́nà ni ti ẹsẹ̀ òsì. Apá òsì ni a máa ń yí sí, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì ló máa ń wà ní ìhà inú ní gbogbo ìgbà, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní lè ti ilẹ̀ tó bí ó ṣe máa ń tì í lórí ojú ọ̀nà tó tọ́. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ìgbaradì àti ìje papọ̀, kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bí ó bá jẹ́ òsì ló ń le. Nígbà tí o bá ń sá eré jẹ́jẹ́ tí Baba sọ yẹn lórí koríko, máa yí sí apá ọ̀tún nígbà mìíràn. Bí o bá sì padà sí orí ojú ìsáré, ojú ọ̀nà tó tọ́ ni kí o kọ́kọ́ lò, kí o tó lọ sí kọ́nà; kí ó sì jẹ́ ìlà ìta ni o kọ́kọ́ máa gbà ní kọ́nà, kí o tó sún mọ́ inú.

 

Ẹ̀fúùfù fèsì pé:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Baba Aláago, ibì kan wà tí n kò ti bá wọn lọ. Bí góńgó eré bá ń lọ kúrò lára láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ló dé tí a óò fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sá ìdá méje nínú mẹ́wàá àti òkè nìkan, lẹ́yìn tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ sinmi? Nígbà tí yóò bá fi wọ bàtà oníṣó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, yóò ti pẹ́ gan-an tí ẹ̀yìn itan rẹ̀ ti gbọ́ eré tó yá kẹ́yìn. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe eré yíyá ló ń já iṣan bí kò ṣe kí a fo láti orí eré jẹ́jẹ́ bọ́ sórí eré tó yá lójijì. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan eré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kódà bí kò bá ju 20 mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ẹ̀yìn itan rẹ̀ á mọ ohun tó ń bọ̀.

Ní tèmi, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni màá ti fi 20 mítà díẹ̀ kún un lẹ́yìn tí ara bá ti gbóná, láti orí ìrìn tàbí ìdúró, pẹ̀lú bàtà lásán, ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Láàárín 20 mítà, eré kò tíì yá dé ibi tó léwu. Lẹ́yìn náà ni màá máa fi mítà márùn-ún márùn-ún kún un. Eré jẹ́jẹ́ 100 mítà dára, ṣùgbọ́n kò kọ́ asáré bí a ṣe ń sáré.

Baba Aláago fèsì pé:

Ẹ̀fúùfù, ọ̀rọ̀ rẹ ní ìtumọ̀, n kò sì ní bá ọ jiyàn lórí 20 mítà láti ìdúró fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ohun tó mú mi fa ọwọ́ sẹ́yìn ni ẹ̀yìn itan tó ń le láàárọ̀ tí ó mẹ́nu bà. Títí tí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, òkè ni mo fara mọ́. Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ó lè tẹ̀ lé ọ̀nà tìrẹ, ọ̀nà méjèèjì yóò sì pàdé ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ fèsì pé:

Ẹ kú àárẹ̀ o. Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, àwọn asáré sì pọ̀ lára àwọn tí mo ń tọ́jú, nítorí náà apá ẹ̀yìn itan nìkan ni màá dá sí, mo sì ń rán yín létí pé n kò fi ojú kan ẹni tó béèrè, ọwọ́ mi kò sì kàn án.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń fò lọ síwájú, kí ó tó kan ilẹ̀, ni ẹ̀yìn itan asáré máa ń rí iṣẹ́ tó le jù: ó ń nà, ó sì tún ń fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń já. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tún wà nínú ìje inú gbọ̀ngàn tí ẹnì kan kì í sábà kà, ìyẹn ni dídúró. Ẹni tó sá 7.01 ń kọjá ìlà ìparí pẹ̀lú eré nǹkan bí mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ààyè tó sì wà níwájú rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn lè má ju mítà 10 sí 15 lọ kí ó tó kan tìmùtìmù ara ògiri. Ní ìta gbangba, ènìyàn á rọra fi eré sílẹ̀ ní kọ́nà; nínú gbọ̀ngàn, ó ní láti fi itan àti gìgísẹ̀ kó ara rẹ̀ dúró lójijì. Bí a bá ṣe èyí ní ìpele àkọ́kọ́, ní ìpele tó tẹ̀ lé e, àti ní àṣekágbá, tí gbogbo rẹ̀ sì lè bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo, kò yẹ kí líle ẹ̀yìn itan jẹ́ ìyàlẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè, ohun tí màá fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí. Bí líle náà bá tẹ́ kárí ẹ̀yìn itan, tí ó sì ń lọ nígbà tí ara bá gbóná, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àárẹ̀ lásán. Bí ó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ẹ lè fi ìka tọ́ka sí, tí ó sì ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má sáré tó yá títí tí wọn yóò fi yẹ̀ yín wò. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ìdí ni, níbi tí eegun ti ń kan àga, tí jíjókòó pẹ́ sì ń mú un burú sí i, iṣan tó so ẹran mọ́ eegun ni a óò fura sí, ìnara líle kò sì dára fún un. Ohun kan tún wà tí àwọn asáré kì í rò: ẹ jókòó sórí àga, ẹ tẹ ẹ̀yìn àti orí ba, ẹ na ẹsẹ̀ òsì tààrà títí tí ẹ óò fi mọ̀ pé ó ń le, kí ẹ wá gbé orí nìkan sókè. Bí gbígbé orí bá mú kí líle náà dín kù, ó lè jẹ́ láti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti wá, kì í ṣe láti inú itan, ẹ sì ní láti sọ ìyẹn fún ẹni tí yóò yẹ̀ yín wò.

Ní ti ìdárayá, ẹ má fi ìnara nìkan wò ó. Ohun tí ẹ̀yìn itan nílò ni agbára nígbà tó bá ń nà. Ẹ kúnlẹ̀ lórí nǹkan tó rọ̀, kí ẹnì kan di gìgísẹ̀ yín mú mọ́lẹ̀, kí ẹ wá máa fi àyà sọ̀kalẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ láìtẹ ìbàdí, títí ọwọ́ yín yóò fi gba ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba, nítorí pé ìrora ọjọ́ kejì rẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ti pẹ́ tó ṣe é kẹ́yìn, ẹ má sì ṣe é ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré yíyá. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó.

Asáré Ìlà Kejì fèsì pé:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti wá àwọn ìwé èsì náà jáde. Lọ́jọ́ tí mo sá 7.01, 0.148 ni mo fi dáhùn sí ìbọn, ní 7.06, 0.155 ni, ní 7.09, 0.191 ni. Bí mo bá yọ ìdáhùn kúrò, 6.862 ni eré tí ẹsẹ̀ mi sá nígbà àkọ́kọ́, ó wá di 6.905 àti 6.899 nínú àwọn méjì tó kẹ́yìn. Ìyẹn ni pé èmi tí mo rò pé ìje tó kẹ́yìn ló burú jù, ẹsẹ̀ mi kò burú níbẹ̀ ju ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ètò ẹgbẹ́ wa sì ni pé kí a dá irin wúwo dúró láti ọ̀sẹ̀ ìje àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí Baba ti fura sí i.

Ní ti ẹ̀yìn itan, ó tẹ́ kárí, ó sì ń lọ bí ara bá gbóná. Gbígbé orí kò yí i padà. Oníṣègùn físíò ẹgbẹ́ wa yóò yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ yìí. Ó ku ìbéèrè mi lórí 100 mítà, mo sì tún fẹ́ mọ bóyá kí n máa gbé irin wúwo nígbà ìje ìta gbangba.

Baba Aláago fèsì pé:

Ìṣirò rẹ dára, ó sì ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Ìdajì ohun tí o pàdánù ní ìdíje tó kẹ́yìn, etí ló pàdánù rẹ̀, ìyókù ni ti ẹsẹ̀. Ti etí rọrùn láti tún ṣe, ẹni tó ti sá ìpele kan ní òwúrọ̀ tí ó tún ń dúró de òmíràn ní alẹ́ lè rẹ̀ débi pé ìbọn yóò bá a lójijì. Ti ẹsẹ̀ ni kí o jíròrò pẹ̀lú kóòṣì rẹ. Fi sùúrù bá wọn sọ ọ́, gbé ìwé èsì náà lọ́wọ́, kí o sì bi wọ́n bóyá ó ṣeé ṣe láti fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún irin wúwo láàárín ọ̀sẹ̀ ìje: ìwọ̀nba ìgbà gbígbé, kí ó wúwo, kí ó sì jìnnà sí ọjọ́ ìje. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í kó agbára tuntun jọ, ó kàn ń dá èyí tó wà dúró ni.

Ní ti 100 mítà, wo àwọn tó wà lókè. Christian Coleman, ọmọ Amẹ́ríkà, sá 6.34 ní Albuquerque ní oṣù Kejì ọdún 2018, èyí tó jẹ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé fún 60 mítà, 100 mítà rẹ̀ tó yá jù sì ni 9.76, ní Doha lọ́dún 2019. Ní Ìdíje Àgbáyé ti Inú Gbọ̀ngàn ní Glasgow ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Coleman gba wúrà 60 mítà pẹ̀lú 6.41, Lyles gba fàdákà pẹ̀lú 6.44, nígbà tó di oṣù Kẹjọ ní Paris, Lyles yìí kan náà wà lẹ́yìn gbogbo àwọn yòókù ní 30 mítà, ó sì parí pẹ̀lú 9.79 láti gba wúrà. Julien Alfred, ọmọ Saint Lucia, gba wúrà 60 mítà àwọn obìnrin ní Glasgow pẹ̀lú 6.98, ó sì tún gba wúrà 100 mítà ní Paris pẹ̀lú 10.72. Bí o bá fi 60 mítà ẹnì kọ̀ọ̀kan pín 100 mítà rẹ̀, láti nǹkan bí 1.52 sí 1.54 ni yóò fún ọ. Ìlọ́po kan náà yóò gbé 7.01 rẹ sí àárín 10.66 àti 10.80. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ bí a ṣe ń di eré mú lẹ́yìn 60 mítà nìwọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ o ṣì ń kọ́ ọ. Bí o bá sá 10.90 nínú ìje àkọ́kọ́, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lódì sí ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé 60 mítà rẹ parọ́.

Ogójì mítà tó kù yẹn ni iṣẹ́ tí ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹjọ wà fún. Tí ìgbéra bá ti padà sípò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi 80 mítà kún un, kí ẹ lọ sí 120, kí ẹ sì dé 150, kí iye rẹ̀ kéré, kí ìsinmi sì gùn. Mo sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ sá 4×100 mítà pẹ̀lú ẹgbẹ́ yín kí o tó sá 100 mítà tìrẹ, pàápàá ìpín kejì tàbí ìkẹrin, nítorí pé o máa sá ojú ọ̀nà tó tọ́ pẹ̀lú eré tó ti yá láìsí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ.

Kí o tó wọ bàtà oníṣó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, yọ àwọn ìṣó rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn kì í gba ìṣó tó bá gùn ju 6 mílímítà lọ, nígbà tí òfin fàyè gba títí dé 9 lórí ojú ìsáré oníke ti ìta gbangba, àwọn kan sì máa ń fi èyí tó ti jẹ tán nínú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ ní pápá. Pààrọ̀ wọn, fún wọn le, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni pápá náà iye tí wọ́n gbà.